Yàrá Olówó Pọ́ọ́kú Nítòsí Fèrèsé Aláró

Peckham,
Ọ̀sán Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé wa níbí àti yàrá tí o gbà ní Stockwell. O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Mummy ń kọ lẹ́tà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun. Ìdí rẹ̀ ni pé lórí fóònù, kí n tó dé gbólóhùn kejì, o ti ń sọ pé, "Mummy, mo ti mọ̀." Bébà yìí ò ní jẹ́ kí o já lu ọ̀rọ̀ mi. Po tíì rẹ, jókòó, kí o kà á délẹ̀.

Nígbà tí o gba owó oṣù àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ tuntun rẹ ní káńsù, tí o wá kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ìyá mi, tí o sọ fún wọn pé ẹ̀bùn tí o fẹ́ fi owó náà ṣe ni kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ sí Chartres, ìlú àtijọ́ yẹn ní ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí àwọn fèrèsé onígíláàsì aláró tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀, èyí tí mo ti ń ròyìn fún wọn, mo sá wọ kíṣìnì lọ, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà rò ọ́ báyìí.

Lánàá, o fi àwòrán yàrá kan ní Chartres ránṣẹ́ sí mi. Ó wà lábẹ́ òrùlé ilé àtijọ́ kan nísàlẹ̀ ìlú, lẹ́bàá odò. Igi àjà rẹ̀ hàn síta, fèrèsé rẹ̀ kékeré, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì lọ́ bí ìkarahun ìgbín. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó rẹwà, ó sì pọ́ọ́kú. Lóòótọ́ ni méjèèjì. Mo wò ó títí, mo ń ronú nípa àwọn tó gbẹ́ igi yẹn láyé ìgbà tí kò sí iná mànàmáná, tí igi náà sì ṣì dúró ṣinṣin. Síbẹ̀, jọ̀ọ́, má tíì sanwó rẹ̀. Jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nídìí gbogbo ohun tí n ó sọ nípa hòtẹ́ẹ̀lì. Ojú Màmá ń lọ. Wọn ò fọ́jú, wọn ò sì ní fọ́jú lọ́la. Ṣùgbọ́n àrùn tó wà lójú wọn, èyí tí à ń pè ní glọkómà, máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora, bí eku ṣe ń jẹ etí ìwé. Ká bébà kan róbótó, kí o gbé ihò rẹ̀ sójú kan, kí o di ojú kejì, kí o wá rìn káàkiri yàrá rẹ. Ohun tó bá wà ní ọ̀kánkán, o ó rí i kedere. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ṣì ń ka Kùránì wọn láàárọ̀, tí wọ́n sì ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ láti apá òsì, wọn ò sí láyé rárá ní tiwọn. Ọpọlọ tún máa ń tan ènìyàn jẹ: kì í fi dúdú dí ibi tí kò rí, ohun tó bá ti wà ní sàkáání rẹ̀ ló fi ń dí i, bí ẹni ń lẹ aṣọ. Nítorí náà, ẹni tó ní i kì í mọ̀.

Iṣẹ́ ojú ni mo kọ́, òun ni mo sì fi ń jẹun, síbẹ̀ èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i. Alhaja Múínátù, ọ̀rẹ́ Màmá láti ọjọ́ tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló rí i, ó sì rí i sódì. Ó wá sílé wa lọ́jọ́ kan, ó jókòó sí etí àga, omi tí mo gbé fún un, kò fọwọ́ kàn án. Mo ti mọ̀ pé ẹjọ́ ló gbé wá. Ó ní Màmá ti kọjá lára òun ní òpópónà Rye Lane, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, tí wọn ò kí òun.

"Dókítà, ẹ bá mi bi ìyá yín, kí ni mo ṣe? Ẹ̀wù wọn kan tèmi. Mo ní 'Alhaja, ẹ káàsán,' wọ́n gbé orí lọ bí ìyàwó gómìnà."

Màmá ní, "Múínátù, ṣé èmi ni n ó rí ọ tí n ò ní kí ọ?"

"Ẹ rí mi. Ẹ ò kàn kà mí sí mọ́ ni. Láti ìgbà tí ọmọ yín ti di ọ̀gá dókítà."

O mọ̀ wá. Nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí àgbàlagbà lè ṣẹ àgbàlagbà láàrin wa, kí a kọjá lára ẹni láìkí i ló ń dunni jù. Ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì fẹ́ bàjẹ́ lójú mi. Ó wá kù díẹ̀ kí n máa bẹ Alhaja Múínátù, kí n máa sọ pé àgbà ló dé, nígbà tí mo rántí bí Màmá ṣe ń kọsẹ̀ lára àpótí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n á sì máa bú àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Mo dìde, mo dúró lẹ́yìn àga Màmá, mo ní kí wọ́n máa wo ojú Alhaja Múínátù, kí wọ́n sọ fún mi tí wọ́n bá rí ìka mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ mi bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ etí wọn. Ó kọjá etí. Ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé imú kí wọ́n tó sọ pé, "Ó dé." Alhaja Múínátù ń wò. Ó gbé omi yẹn, ó mu ún tán, omijé sì ń bọ́ sínú kọ́ọ̀pù.

A kì í tọ́jú ẹbí ẹni níbi iṣẹ́ wa, nítorí náà ẹlòmíràn ló yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. Wọ́n gbé orí Màmá sínú ohun funfun kan tó jin bí igbá, wọ́n fún wọn ní bọ́tìnnì, wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá rí iná tín-ín-rín. Mo ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà bí iná ṣe ń tàn. Iná kan tàn, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Òmíràn tàn, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n jókòó bí ọmọ ilé ìwé tó mọṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ìka wọn wà ní ìmúrasílẹ̀, ìràwọ̀ sì ń yọ níwájú wọn tí wọn ò mọ̀. Oògùn ojú tí wọ́n ń lò lè di ohun tó kù mú. Kò lè dá ohun tó ti lọ padà. Bí ohun tó kù yóò ṣe pẹ́ tó, n ò mọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀. Ohun tí ìrìn àjò yín wà fún nìyẹn: kí Màmá rí aró yẹn nígbà tí ojú ṣì wà láti fi rí i.

Èmi náà ni mo gbé ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí wọ ilé wa. Ìpàdé àwọn dókítà ojú ló gbé mi dé Paris nígbà náà, mo sì ní ọ̀sán kan tí n ò ní iṣẹ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Chartres nítorí pé ẹnì kan sọ pé kí n lọ wò ó. Oòrùn mú gan-an níta. Mo wọlé sínú ilé ìsìn ńlá yẹn, òkùnkùn bò mí, n ò rí nǹkan kan àfi òtútù òkúta. Mo fẹ́ padà. Ẹsẹ̀ mi kàn dúró ni. Mo mọ ohun tí ojú ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: bí ọmọlójú ṣe ń ṣí, bí ohun tó wà lẹ́yìn ojú ṣe ń fi sùúrù jí fún òkùnkùn. Ṣùgbọ́n kíkọ́ni yàtọ̀ sí kí ó máa ṣẹlẹ̀ sí ni. Níbi tí mo dúró sí, lókè réré, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Búlúù. Kì í ṣe búlúù ojú ọ̀run, kì í ṣe ti òkun. Bí ẹni pé wọ́n rẹ iná sínú aró, tí iná náà ò kú. Àwọn ènìyàn kan ni wọ́n fi ọwọ́ yọ́ gíláàsì yẹn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, oòrùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láti ìgbà náà, kò tíì lò ó tán. Mo ń wò ó, mo sì tún ń ronú nípa ojú tí mo fi ń wò ó, ohun kékeré tó kún fún omi yìí, tí odindi ilé yẹn wọnú rẹ̀ láìfọ́ ọ. N ò mọ èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù nínú méjèèjì.

Nígbà tí mo padà, Màmá ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. Mo ń ròyìn, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n bi mí pé ṣé aró bíi ti aṣọ ẹtù ni. Mo ní rárá, èyí ní iná nínú. Wọ́n ní, "N ó rí i." Wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Wàyí o, a ti gbìyànjú rẹ̀ rí, bí o ṣe mọ̀, ṣùgbọ́n o ṣì kéré, wọn ò sì sọ fún ọ bó ṣe lọ. Mo fẹ́ wá hòtẹ́ẹ̀lì ní Chartres nígbà náà. Bàbá rẹ ní kí ló ń ṣe mí. Ó ní, "A ní ẹ̀jẹ̀ ní Paris, a ó wá máa sanwó òrùlé?" Èmi náà rò pé òótọ́ ni. A lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Sìkírá, ọmọ àbúrò bàbá Màmá, ní ẹ̀yìn Paris. Ẹni rere ni wọ́n. Wọ́n fi ibùsùn wọn sílẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ti sè kí a tó dé, wọ́n sì ti pe gbogbo ọmọ ìlú wa tó wà níbẹ̀. Lójúmọ́ kejì, a wọ bàtà tán láti lọ, ilẹ̀kùn dún: ìdílé kan ti wá kí Alhaja tó ti London wá. Ṣé a ó dìde kúrò níwájú àlejò tó gbé ọmọ pọ̀n wá ni? Lọ́jọ́ kẹta, a wọ bàtà, ilẹ̀kùn dún. Màmá ò tilẹ̀ bọ́ bàtà mọ́, wọ́n kàn ń jókòó pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, a dé ẹnu ọ̀nà ní ti gidi, Àǹtí Sìkírá sì ké láti kíṣìnì pé ta ló fẹ́ jẹ gbogbo ìrẹsì tí àwọn sè. A jẹ ìrẹsì. Bí a ṣe ń padà sí London, Màmá wo ìta títí, wọ́n wá ní, "A lọ ilẹ̀ Faransé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Sìkírá la rí." Bàbá rẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́: hòtẹ́ẹ̀lì ni, ní Chartres gan-an, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n má fi pa mọ́ fún Àǹtí Sìkírá, wọn ó gbọ́, yóò sì dùn wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, pè wọ́n, kí Màmá wà lórí fóònù náà, kí o sọ pé, "Àǹtí, ìparí ìrìn àjò wa ni a fi tiyín sí, kí a lè jókòó dáadáa láìsí ìkánjú." Kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́: fèrèsé lákọ̀ọ́kọ́, ìrẹsì lẹ́yìn. Ra aṣọ ìborí kan tó dára fún wọn. Tí wọ́n bá bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú sí mi.

Èkejì ni ibi tí hòtẹ́ẹ̀lì wà. Orí òkè ni ilé ìsìn náà wà. Ìsàlẹ̀ ìlú lẹ́bàá odò, níbi tí yàrá rẹ wà, ni ó rẹwà jù, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé òkè, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti àtẹ̀gùn òkúta ni, òkúta tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ jẹ láti ayébáyé. Etí àtẹ̀gùn náà ò gún mọ́. Ẹni tí kò rí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ máa gba ibẹ̀ lọ tó bọ̀. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó pọ́ọ́kú jù, tí wọ́n wà lẹ́bàá òpópónà ńlá lẹ́yìn ìlú, náà ò ní wúlò, nítorí owó tí o bá rí fi pamọ́ níbẹ̀, owó takisí ni yóò gbé e. Wo ìtòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kékeré wà níbẹ̀, wọn ò lẹ́wà lójú, kò sẹ́ni tó ń ya wọ́n ní fọ́tò, ìdí nìyẹn tí owó wọn fi rọ̀. Ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pẹ̀lú ilé ìsìn náà. Màmá lè rìn ín, kí wọ́n padà wá kírun, kí wọ́n na ẹ̀yìn, kí ẹ tún lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e, má fi áàpù nìkan gba yàrá. Pè wọ́n. O kọ́ Faransé ní sẹ́kọ́ńdìrì, jẹ́ kí owó ilé ìwé yẹn ṣiṣẹ́. Bi wọ́n bóyá lífíìtì wà, nítorí "ilé àtijọ́ tó fani mọ́ra" sábà máa ń túmọ̀ sí pé kò sí. Tí kò bá sí, ní kí wọ́n fún yín ní yàrá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí ti àkọ́kọ́ lókè. Sọ pé ibùsùn méjì ni ẹ fẹ́. Tí o bá kàn sọ pé ẹni méjì ni yín, ibùsùn kan ni wọn ó tẹ́ fún yín, o sì mọ bí o ṣe ń nà tapá tẹsẹ̀. Bi wọ́n bóyá ilé ìwẹ̀ wà nínú yàrá, kí ó jẹ́ èyí tí a ń dúró lórí ilẹ̀ wẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ń gbé ẹsẹ̀ kọjá etí báàfù. Báàfù funfun, ilẹ̀ funfun, tówẹ̀lì funfun: lójú Màmá, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ra téèpù aláwọ̀ ọsàn, kí o lẹ̀ ẹ́ sí etí gbogbo ibi tí wọ́n ti máa gbé ẹsẹ̀, kí o sì ṣí i nígbà tí ẹ bá ń lọ. Mú iná kékeré tí à ń kì bọ ògiri dání, kí ọ̀nà ilé ìwẹ̀ má ṣókùnkùn. Bi wọ́n pẹ̀lú nípa ìgbà tí ẹni tó ń gbàlejò máa ń ti ilẹ̀kùn. Ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kékeré, wọ́n á lọ sílé wọn, ẹni tó bá pẹ́ dé á máa tẹ nọ́ńbà lójú ilẹ̀kùn.

Kí o má bàa rò pé ìnáwó nìkan ni mo ń kọ́ ọ, ibi tí o ti lè rẹ́ owó pọ̀. Má ra oúnjẹ àárọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Ra búrẹ́dì, bọ́tà àti èso ládùúgbò. Ní ti àwọn nǹkan ẹran, ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, nítorí wọ́n máa ń fi ẹlẹ́dẹ̀ sí ibi tí o ò rò. Kò sí kẹ́tùlù nínú yàrá wọn lọ́pọ̀ ìgbà, gbé tiwa kékeré dání, àti ike omi àlùwàlá Màmá. Lọ ní àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ò sí ní ìsinmi. Owó orí àlejò wà tí wọ́n máa ń gbà lọ́tọ̀, bi wọ́n kí ó má bàa yà ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó ń fi gbogbo òru rìn dé Paris, mo mọ̀ pé o ti ń wò ó, yọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun nígbà tí ọjọ́ ṣì jìnnà, kò ní wọ́n bí o ṣe rò.

Oògùn ojú Màmá gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ rẹ, kì í ṣe nínú àpótí. Wá sílé kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń kán an. Wọn ó sọ fún ọ pé nọ́ọ̀sì ni àwọn, pé àwọn lè kán an fúnra wọn. Gbà fún wọn, kí o sì máa wo bóyá ó wọlé.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀. Mo rò pé yóò di wàhálà. Alhaja Múínátù, tí òun àti Màmá ti parí ìjà, tó sì ń di apá Màmá mú ní Rye Lane báyìí bí ọlọ́pàá tó mú olè, bi wọ́n lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ bóyá ó bójú mu kí Alhaja náwó lọ wo ilé ìsìn àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Màmá ní, "Mi ò lọ kírun níbẹ̀. Oòrùn tó wọ inú gíláàsì ni mo fẹ́ lọ wò. Ta ló dá oòrùn?" Alhaja Múínátù ronú díẹ̀, ó ní ká bá òun ya fọ́tò rẹ̀ wá. Tí ẹlòmíràn bá bi ọ́, ohun tí Màmá sọ ni kí o sọ.

Mo ti dé ibi tó wúwo jù fún mi báyìí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, jẹ́ kí Màmá sùn. Ìwọ nìkan ni kí o kọ́kọ́ lọ. Wọlé, kí o wo ibi tí ilẹ̀ ti ga, ibi tí àga wà, ibi tí ènìyàn kì í pọ̀ sí. Àwọn fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn máa ń tàn jù nígbà tí ọjọ́ bá ti rọ̀, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, ọjọ́ tí kò bá sí kùrukùru. Má fa Màmá lọ́wọ́. Jẹ́ kí wọ́n di ìgùnpá rẹ mú, kí o wà lápá òsì wọn, ibẹ̀ ni wọn ò ti ríran jù. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ dúró. Ojú àgbà máa ń pẹ́ kó tó gba òkùnkùn, tiwọn yóò sì pẹ́ ju ti àgbà mìíràn lọ. Ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n ka Fàtíhà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó là á. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má bi wọ́n pé, "Grandma, ṣé ẹ ti rí i?" Ìbéèrè yẹn a máa sọ ènìyàn di òpùrọ́. Wọn ó ní àwọn ti rí i nítorí tìrẹ.

Nítorí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí i, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò sọ èyí lójú gbogbo ilé. Àrùn yìí máa ń gba agbára ojú láti ríran níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò bá pọ̀, fèrèsé yẹn sì ga, òkùnkùn ló sì yí i ká. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí dókítà àti gẹ́gẹ́ bí ọmọ, n ò lè sọ fún ọ bí yóò ṣe rí. Mo ti fẹ́ ní kí ẹ má lọ mọ́, kí wọ́n má bàa rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lọ pàdé ohun tí ojú wọn pàdánù.

Màmá ló mú mi dákẹ́. Mo ń kán oògùn fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí wọn wà lórí itan mi, wọ́n di ojú, wọ́n ní, "O ń bẹ̀rù pé n ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀." Mo dé ìgò oògùn náà. Wọ́n ní, "Bí n ò bá rí i, Àbẹ̀kẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Ojú ta ló wà lórí rẹ̀? Ojú mi ni. Èmi ni mo bí ìyá rẹ̀."

Nítorí náà, nígbà tí ìwọ nìkan bá kọ́kọ́ lọ, má yọ fóònù. Wò ó fún ẹni méjì. Wo ibi tí aró náà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí pupa ti gé e, bó ṣe ń yí padà tí ìkùukùu bá kọjá níta. Wá ọ̀rọ̀ sí i ní Yorùbá, bó ti wù kí Yorùbá rẹ rí, nítorí èdè tí wọ́n fi ń rí nǹkan nìyẹn. Bí ẹ bá jọ jókòó níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n wá bi ọ́ pé, "Kí lo rí?", má sọ pé ó rẹwà. Sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, má kánjú. Tí oòrùn bá mú dáadáa, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wọ̀nyẹn máa ń já wá sílẹ̀, a máa bọ́ sórí òkúta, a sì máa bọ́ sára ẹni tó bá jókòó lọ́nà rẹ̀. Wá àga ibẹ̀ fún wọn. Gbé ọwọ́ wọn méjèèjì lé itan wọn, kí o ṣí àtẹ́lẹwọ́ wọn sókè, kí o wò ó. Tí o bá rí i níbẹ̀, sọ fún wọn pé ó ti dé, pé aró náà wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ.